Nígbà Tí Pẹ̀lẹ́ Di Ẹ̀bi

Al Qasimia, Sharjah,
Ọjọ́ Jimọ̀, lẹ́yìn ìrun.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ bàbá rẹ̀,

Ìwé tí o fi rán obìnrin oníléèsì yẹn ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Orí ìdúró ni mo ti kà á ní ọjà Deira, ní Dubai, tí àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù ń pariwo "yalla, yalla" mọ́ mi pé kí n kúrò lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo rí i pé wọ́n ti gbà ọ́ sí iṣẹ́ ògbufọ̀ ní kóòtù ní Lọ́ńdọ̀nù, pé ìwọ ni wàá máa dúró ti àwọn èèyàn wa tí gẹ̀ẹ́sì ò yọ̀ lẹ́nu wọn, tí wàá máa sọ ọ̀rọ̀ wọn di gẹ̀ẹ́sì fún adájọ́, tí wàá sì máa sọ ti adájọ́ di Yorùbá fún wọn, mo fò sókè. Mo gbé ìwé náà délé, mo kà á sétí gbogbo yàrá. Bọ̀sún, tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lórí tèmi nínú bedspace tí a jọ háyà, ló kọ́kọ́ dáhùn, ó fi orúkọ rẹ pè mí bí gbogbo wọn ṣe máa ń ṣe.

"Bàbá Fọlákẹ́, ẹ kú oríire o. Ṣé iṣẹ́ kí èèyàn máa tún ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ sọ ni wọ́n ń sanwó fún báyìí? Ìyá ìyàwó mi ì bá ti lówó ju gbogbo wa lọ."

A rẹ́rìn-ín títí ẹni tó ń sùn fi jí.

Ìgbà tí mo yí ìwé náà sí ẹ̀yìn ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ibẹ̀ lo ti kọ ọ́ wínníwínní, àfi bíi pé o ò fẹ́ kí n rí i. O ní ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń kọ́ ọ níṣẹ́, ẹ̀yìn kóòtù lò ń jókòó sí, tí ò ń wò. O ní aláwọ̀ funfun ló kún ìgboro níta, ṣùgbọ́n bí o bá ti wọlé, àwọn aláwọ̀ dúdú bíi tiwa lo máa ń rí níbi tí ẹlẹ́jọ́ ń dúró sí, àwọn náà ni wọ́n sì máa ń dá lẹ́bi jù. O wá bi mí pé, "Bàbá mi, ṣé àwa la máa ń ṣẹ̀ jù ni?"

Àbẹ̀kẹ́, ká ní èṣí lo bi mí ni, ǹ bá ti dá ọ lóhùn kíákíá pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti sọ ọ́ nínú yàrá yìí láìmọye ìgbà pé ìwà àwọn ọmọ wa ló ń kó bá wa. Ṣùgbọ́n ojú mi ti rí nǹkan. Ọ̀rọ̀ Múfú ti ṣẹlẹ̀, ó sì bá mi lójijì débi pé títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, àyà mi ò tíì balẹ̀. Múfú wà lẹ́wọ̀n fún ohun tí kò ṣe. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n máa tún ẹjọ́ rẹ̀ gbọ́, ẹ̀ẹ̀kan yìí ló sì kù.

Mo kọ ìwé yìí, mo ya á. Mo tún kọ ọ́, mo tún ya á. Oníwèé mẹ́wàá ni mí, mi ò mọ òfin, mi ò sì dá ara mi lójú mọ́ nídìí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn, torí ìmọ̀ràn tí mo gba Múfú wà lára ohun tó tì í wọ ẹ̀wọ̀n. Kà á tán ná, kí o tó mọ èyí tí wàá mú níbẹ̀ àti èyí tí wàá jù nù.

Múfú ni ọmọ Ìsẹ́yìn kan tó ń bá àwọn oníṣòwò Èkó di ẹrù ní Deira. Bí o bá ra aṣọ, aago tàbí kásẹ́ẹ̀tì, òun ni yóò tò ó sínú páálí, yóò fi okùn dì í pinpin, yóò kọ orúkọ rẹ gàdàgbà sí i lára kí ọkọ̀ òkun tó gbé e lọ sí Àpápá. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún dáadáa. Ó fi ìyàwó sílẹ̀ nínú oyún, ìyàwó ti bímọ, kò tíì fojú kan ọmọ náà. Fọ́tò ọmọ ọ̀hún ló lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti wọ yàrá wa, kó tó kí i káàbọ̀, á ní, "Ṣé ẹ ti rí imú yìí? Ẹ wo imú yìí dáadáa. Kò sẹ́ni tó lè bá mi jiyàn pé èmi ni bàbá ọmọ yìí."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi pẹ̀lú ẹ̀ lọ gbé ẹrù oníbàárà wa kan ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta aago ọwọ́ àti kámẹ́rà fún àwọn tó ń rà á lọ́pọ̀. Orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Èmi dúró ti kẹ̀kẹ́ ẹrù nísàlẹ̀, Múfú gòkè lọ. Oníbàárà mìíràn wà níbẹ̀, oríṣiríṣi èèyàn, àmọ́ Múfú nìkan ni aláwọ̀ dúdú láàárín wọn. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù wọ inú lọ gba fóònù. Nígbà tó máa fi jáde, páálí aago kékeré kan tó gbé sórí káńtà ti pòórá. Ó figbe ta, ó káwọ́ mọ́rí. Àwọn yòókù ń wò ó, wọn ò sọ nǹkan kan. Múfú ló sún mọ́ ọn, tó tẹ orí ba díẹ̀, tó ní, "Ah! Sorry. Sorry sir. Sorry o."

Ìwọ náà mọ ohun tó ń sọ. Pẹ̀lẹ́ ló ń sọ. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ kọ lójú títì, à ń kí i pẹ̀lẹ́. Ẹni tí òjò pa, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ẹni tí ẹrù bọ́ lórí rẹ̀, pẹ̀lẹ́ náà là ń kí i. Àwa kọ́ la gbé òkúta síbi tó ti kọsẹ̀, àwa kọ́ la sì rọ òjò. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn gbọ́ "sorry", ó gbójú sókè, ó wo Múfú, ó sì di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú. Ó ní kí ló ń tọrọ àforíjì fún bí kì í bá ṣe pé ó mọ ibi tí aago òun wà?

Mo rí ọlọ́pàá tó gba ẹ̀gbẹ́ mi gòkè, mi ò fura; ìgbà tí mo gbọ́ ariwo ni mo tó sáré gòkè. Mo pàdé àwọn oníbàárà yòókù lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń bá tiwọn lọ, kò sẹ́ni tó dá wọn dúró. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, iṣẹ́ ti ń lọ lórí Múfú. Wọ́n ti tú àpò Múfú, wọ́n ti bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ wò, wọn ò rí aago kankan. Síbẹ̀ wọn ò fi í sílẹ̀. Múfú ń bá wọn fà á: "Oga, I no see your watch! Which kind wahala be this?"

Èmi tí mo pe ara mi lágbà, mo fi Yorùbá jágbe mọ́ ọn. "Múfú, panu mọ́! Má bá wọn jiyàn. Bẹ̀ wọ́n. Dọ̀bálẹ̀!"

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò ṣe nǹkan kan o!"

"Ṣé mo ní o ṣe nǹkan ni? Ta ló ń torí pé òun ṣe nǹkan bẹ ọlọ́pàá? Dọ̀bálẹ̀ jàre, ká máa lọ sílé!"

Ó wò mí. Ó ń bọ̀wọ̀ fún mi, Àbẹ̀kẹ́. Ó nà gbalaja síwájú ọlọ́pàá, àyà rẹ̀ kanlẹ̀, ó ní, "Sorry sir, I beg you, sorry sir." Ọlọ́pàá náà fà sẹ́yìn bí ẹni tẹ́sẹ̀ rẹ̀ kan iná. Ó ń sọ Lárúbáwá, ó ń nàka sókè ọ̀run. Èmi tí mò ń kírun láti kékeré, ó yẹ kí n ti mọ̀. Lójú wọn níbí, Ọlọ́run nìkan ni wọ́n ń forí kanlẹ̀ fún. Ohun tó wá sí wọn lọ́kàn ni pé kí ni ọkùnrin yìí ti ṣe tó burú tó báyìí, tó fi ń bọ èèyàn ẹlẹ́ran ara bíi tirẹ̀?

Ní Èkó, mo ti fi ìdọ̀bálẹ̀ gba ara mi àti ẹlòmíràn lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Wọn kì í bi ọ́ bóyá o jẹ̀bi. Wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ bóyá o mọ̀ pé àwọn lọ̀gá. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ayé rí.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí n rí i látìmọ́lé, àárín wáyà la ti ń sọ̀rọ̀. Irùngbọ̀n ti bo àgbọ̀n rẹ̀, aṣọ ọjọ́ náà ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní mo ti jẹ́wọ́. Mo ní ìgbà wo? Wọ́n ní mo ní 'sorry'. Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù, kí ni ǹ bá sọ fún un? Kí n ní 'ẹ kú oríire'?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, omijé sì ń bọ́ lójú mi. Ó ní wọ́n gbé ìwé Lárúbáwá kan síwájú òun, òun bi wọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n ní ohun tóun sọ ni. Ó rò pé bí òun bá tètè fọwọ́ sí i, òun á tètè lọ sílé. Ó fọwọ́ sí i.

Mo wà ní kóòtù lọ́jọ́ tí wọ́n dá ẹjọ́ ọ̀hún. Mi ò ní sọ kóòtù wo ni. Ògbufọ̀ tí wọ́n mú wá gbọ́ Lárúbáwá, ó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n gẹ̀ẹ́sì ojú ọjà tí Múfú ń sọ, òun ò gbọ́ ọ. Adájọ́ ní ṣé lóòótọ́ ni pé ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọlọ́jà? Múfú ní, "Yes sir." Ṣé lóòótọ́ ni pé ó wólẹ̀ fún ọlọ́pàá? "Yes sir." Adájọ́ ní kó gbójú sókè kó wo òun. Múfú ò gbójú sókè. Ta ló kọ́ ọ pé kó wo àgbàlagbà lójú kòrókòró? Ilẹ̀ ló ń wò, bí a ṣe kọ́ gbogbo yín. Ó ṣe kedere sí mi pé bí ojú rẹ̀ ṣe ń wo ilẹ̀ yẹn, ẹ̀bi ni wọ́n ń kà lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ò gùn. Wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n, wọ́n ní bó bá parí rẹ̀, kí wọ́n dá a padà sí Nàìjíríà, kó má padà wá mọ́.

Ohun tó dẹ́rù bà mí jù níbẹ̀, Àbẹ̀kẹ́, mi ò tíì rí ẹni sọ ọ́ fún. Adájọ́ yẹn ò bínú. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí Múfú ń wúkọ́, ó ní kí wọ́n fún un lómi. Mo wá ìkà láàárín wọn kí n lè dì í sínú, mi ò rí. Kálukú ṣe díẹ̀ tirẹ̀, ó rò pé ohun tó tọ́ lòun ṣe, àpapọ̀ rẹ̀ sì gbé Múfú mì. Èmi náà wà lára wọn.

Bí mo ṣe ń jáde bọ̀ ni ohun kan là mí lójú. Ní ṣọ́ọ̀bù yẹn kan náà, ṣáájú ọ̀rọ̀ Múfú, ojú mi ni òyìnbó kan ṣe fi kámẹ́rà sábẹ́ ẹ̀wù rẹ̀ tó ń jáde lọ. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù rí i, ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Sir, you forgot to pay!" Òyìnbó náà pọ́n bí àṣáró, ó sanwó, wọ́n fi tíì ṣe é lálejò, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Èmi gan-an bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ṣeé ṣe kó gbàgbé lóòótọ́ o, mi ò sí nínú ọkàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n òyìnbó tó gbé kámẹ́rà, wọ́n ní ó gbàgbé. Múfú tí wọn ò bá nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní ó jí i. Kò sì sí ìwé kankan níbikíbi lónìí tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ òyìnbó yẹn sí. Bí ẹnìkan bá lọ ka iye àwọn tó jalè, kò ní bá a níbẹ̀. Múfú ló máa bá.

Ìdí nìyí tí mi ò fi lè dá ọ lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni mọ́. Jẹ́ kí n wá to ohun tí mò ń rò fún ọ. Bó bá wọ́ níbì kan, bàbá rẹ ni ò kàwé tó.

Èkíní, béèrè pé ta ni wọ́n ń ṣọ́. Nígbà tí mo jẹ́ sìtọ́kípà ní ilé iṣẹ́ kan ní Àpápá, kí a tó bí ọ, ọṣẹ àti mílíìkì ń dín nínú ilé ẹrù. Wọ́n ní kí n máa tú àpò ní géètì. Àpò àwọn lébìrà tó wá láti Òkè Ọya nìkan ni mò ń tú. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Lójú tèmi àwọn ni wọ́n jọ ọ́. Mo rí ọṣẹ lọ́wọ́ ọ̀kan lára wọn, wọ́n lé e. Mo rí ti òmíràn. Mo lọ bá máníjà, mo ní, "Ọ̀gá, àwọn Òkè Ọya yìí, olè ni wọ́n." Mo rò pé mo ní ẹ̀rí. Àwọn akọ̀wé tó ń wọ táì ń gba iwájú mi kọjá lójoojúmọ́, mò ń kí wọn "good evening sir". Bí mo bá tú tiwọn, ṣé mi ò ní rí nǹkan? Mi ò lè mọ̀ láé, torí mi ò tú u. Ibi tí ojú bá wà lójoojúmọ́ ni wọ́n ti ń rí ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù ní Deira máa ń tẹ̀lé wa láti ìdí ẹrù kan dé èkejì. Mo ti wá gbà pé bẹ́ẹ̀ náà ni ní Lọ́ńdọ̀nù tìrẹ níbẹ̀ yẹn.

Èkejì, kí ẹjọ́ tó dé iwájú adájọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ti dá a: ọlọ́jà tó máa ní "ó gbàgbé" tàbí "ó jí i", ọlọ́pàá tó máa ní "máa lọ" tàbí "wọ mọ́tò". Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ, ìwọ ò ní rí wọn láé níbi tí o jókòó sí. Àwọn tó ṣẹ́ kù lò ń rí, o wá ń rò pé àwọn ni gbogbo ẹlẹ́ṣẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹni tó ti àtìmọ́lé wá àti ẹni tó tilé wá kò jọra lójú adájọ́. Ọ̀kan ti wẹ̀, ìyàwó rẹ̀ lọ aṣọ fún un, lọ́yà jókòó tì í. Èkejì ń rùn, oorun ń kùn ún, kò sí ará ilé kan nítòsí. Ṣé wàá bá ẹni bẹ́ẹ̀ wí bí wọ́n bá ní "sọ pé o jẹ̀bi kí ọ̀rọ̀ lè tán" tó sì gbà? "Khalas," ohun tí wọ́n sọ fún Múfú nìyẹn, pé kó fọwọ́ sí i kó lè parí. Òṣìṣẹ́ tó ń gba ibí kọjá lásán ni, ìwé ìrìnnà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ta ni yóò dúró fún un?

Mo rò pé ẹ̀kẹrin ló kàn. Àwọn kan nínú wa ń jalè. Mi ò ní parọ́ fún ọ kí ọ̀rọ̀ mi lè dùn. Mo mọ ọ̀kan tó ń fi ayédèrú owó rajà nínú ọjà kan náà tí mo ti ń rajà. Ebi wà, ojúkòkòrò náà wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n mú un, gbogbo wa ni ojú wọn yí padà sí, títí kan Múfú tó ń to páálí jẹ́jẹ́. Nígbà tí aláwọ̀ mìíràn bá jalè, òun nìkan ló jalè. Ìyẹn ni ò yé mi, àní bí mo ṣe rò ó tó.

Bọ̀sún gba ẹ̀yìn mi kà á bí mo ṣe ń kọ ọ́, ó ní, "Bàbá Fọlákẹ́, ẹ ti gùn jù. Ẹ sọ pé wọn ò fẹ́ràn wa, kó tán." Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nìkan. Ó ní, "Ó dáa, kí ló kù?" Àwọn kan ò fẹ́ràn wa, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìkórìíra nìkan ni, ká yọ àwọn tó kórìíra wa kúrò, ọ̀rọ̀ bù ṣe. Adájọ́ tó ní kí wọ́n fún Múfú lómi kò kórìíra rẹ̀. Ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ ló ti wọ́ kó tó débẹ̀.

Wàyí o, ọmọ mi, ohun tí mò ń bẹ̀ ọ́.

Ẹnu rẹ ni ẹlòmíràn máa fi sọ̀rọ̀. Nígbà tó bá ní "pẹ̀lẹ́", nígbà tó bá ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú", má sáré gbé e sọ. Dá ẹjọ́ náà dúró. Gbọ́wọ́ sókè, sọ fún adájọ́ pé, "Ọ̀rọ̀ yìí ní ju ìtumọ̀ kan lọ, ẹ jẹ́ kí n bi í èwo ló ní lọ́kàn." Wọ́n lè bínú pé ò ń fi àkókò wọn ṣòfò. Jẹ́ kí wọ́n bínú. Bí ó bá sì jẹ́ pé lóòótọ́ ló ń jẹ́wọ́, má tún un ṣe, má fi omi là á. Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ẹni tó jẹ̀bi náà lẹ́tọ̀ọ́ sí kí wọ́n gbọ́ ohùn òun gan-an.

Má tijú àwọn tó dúró níbẹ̀ nítorí pé ẹ jọ jẹ́ ọ̀kan. Mo mọ ọ, o máa ń fẹ́ kí aṣọ rẹ funfun ju ti ẹlòmíràn lọ. Ìtìjú yẹn lè mú kí o máa fi ohùn líle túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn kí òyìnbó lè mọ̀ pé ìwọ ò sí lára wọn. Mo ti ṣe irú rẹ̀ rí ní géètì Àpápá yẹn.

Má sì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní "àbúrò, kí ni kí n sọ?" sọ pé kí wọ́n bi lọ́yà. Ọ̀rọ̀ ìyànjú lásán, láti ẹnu ẹni tó fẹ́ràn ẹ, lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ. Wo èmi.

Bá mi kí ọkọ rẹ. Sọ fún un pé kó jẹ́ kí o sọ̀rọ̀ bí o bá délé ní ìrọ̀lẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn tí o ń gbé sẹ́nu látàárọ̀ kò ní jẹ́ kí o gbádùn oúnjẹ.

Ó ku ohun kan tí mi ò tíì sọ. Akọ̀wé lọ́yà tó ń bá wa gbé ẹjọ́ náà lọ síwájú, ará Sudan kan tó ń jẹ́ Idris, ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Lọ́sẹ̀ yìí ó pè mí jókòó. Ó bi mí pé ta ló sọ fún Múfú pé kó wólẹ̀. Mo ní èmi ni. Ó ní, "Habibi, ọ̀rẹ́ mi, ìwọ ni ẹlẹ́rìí tí mò ń wá látọjọ́ yìí." Ó ní àwọn adájọ́ nílò ẹnìkan tó gbọ́ èdè náà, tó wà níbẹ̀, tó lè dúró sọ ohun tí "sorry" jẹ́ lẹ́nu wa, kó sì sọ pé òun ló ní kí Múfú dọ̀bálẹ̀, pé bí a ṣe ń kí èèyàn nìyẹn. Láìsí ìyẹn, ó ní ẹjọ́ náà ti kú.

Mo délé, mo sọ ọ́ nínú yàrá. Ẹnu ya Bọ̀sún.

"Bàbá Fọlákẹ́, físà yín ti kú. Ẹ fẹ́ gbé òkú físà lọ síwájú adájọ́? Wọ́n á kí yín káàbọ̀."

"Ìwọ ńkọ́, Bọ̀sún? Tìẹ ṣì wà láàyè."

"Èmi? Èmi ò sí níbẹ̀. Ìyá mi ò rán mi wá sí Dubai kí n wá jẹ́ ẹlẹ́rìí." Ó wojú ògiri, níbi tí fọ́tò ọmọ Múfú wà, ó ní, "Ẹ má lọ, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó sọ òótọ́. Físà mi ti tán, mò ń dọ́gbọ́n gbé ni. Bí wọ́n bá bi mí fún un ní kóòtù, wọ́n lè mú mi kí n tó jáde. Idris náà ò bò ó mọ́lẹ̀ fún mi. Ó ní òun ò lè ṣèlérí. Ẹ̀rù ń bà mí, Àbẹ̀kẹ́. Lánàá, mo ti gbé báàgì mi sọ́wọ́ láti sá lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ní Al Khan, kí n dúró síbẹ̀ títí Àìkú á fi kọjá. Mo dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, mo tún padà gòkè. Mi ò lè sọ pé ìgboyà ni. Ẹsẹ̀ mi kàn kọ̀ ni.

Mò ń lọ. Mo ti fọ ṣẹ́ẹ̀tì mi funfun, ó wà lórí okùn ní balikoni, ooru ibí ti ń gbẹ ẹ́. Wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀ púpọ̀, kí n dáhùn ohun tí wọ́n bá bi mí nìkan. O mọ̀ pé ìyẹn ni yóò le fún mi jù.

Nígbà tí ìwé yìí yóò bá fi dé ọ̀dọ̀ rẹ, Àìkú ti kọjá. Bí mo bá wà níta, wàá ti gbọ́ ohùn mi lórí fóònù. Bí o ò bá tíì gbọ́ ọ, pe màmá rẹ. Má sunkún sí i létí. Sọ fún un pé kì í ṣe ọ̀ràn olè ni wọ́n torí rẹ̀ mú mi. Sọ fún un pé iṣẹ́ tìrẹ ni mo lọ ṣe.

Bàbá rẹ, tí ẹ̀rù ń bà, tó sì ń lọ.